Òfin Méjì Lójú Ọ̀nà Kan

Ọkọ̀ tó bá gbéra ní Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tó sì forí lé Abidjan, ilẹ̀ orílẹ̀-èdè márùn-ún ni yóò tẹ̀ kó tó dúró: Nàìjíríà, Benin, Tógò, Gánà àti Côte d'Ivoire. Láti Èkó nìkan sí Abidjan, ọ̀nà etíkun náà lé ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà. Àwọn èrò tó ń rìn ín mọ ẹnubodè kọ̀ọ̀kan bí ẹni mowó: Sèmè, Hillacondji, Aflao, Elubo. Wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà, wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti ń béèrè káàdì àjẹsára, wọ́n sì mọ ibi tí awakọ̀ ti máa ń dúró kí èrò jẹun. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ni pé òfin tó de ẹrù orí ọkọ̀ náà yóò ti yí padà nígbà mẹ́ta kí wọ́n tó já a sílẹ̀ ní Abidjan.

Nàìjíríà àti Gánà jogún òfin òwò wọn lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Benin, Tógò àti Côte d'Ivoire jogún ti Faransé, wọ́n sì ti pa á pọ̀ di òfin kan ṣoṣo lábẹ́ àjọ tí wọ́n ń pè ní OHADA. Ẹni tó bá tajà láwìn ní Balógun ní Èkó, tó tún ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ láwìn ní Treichville ní Abidjan, òfin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ṣọ́ owó rẹ̀. Lọ́jọ́ tí oníbàárà bá sanwó, kò sẹ́ni tó ń rántí òfin. Ọjọ́ tí kò bá san án ni ọ̀rọ̀ ń di ti lọ́yà, ọjọ́ náà la sì máa ń rí i pé lọ́yà tó mọ ìhà kan kò mọ ìhà kejì.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Àwa Yorùbá ti ń ná ọjà etíkun yìí láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn. Ó tó àkókò kí a ní àwọn ọmọ tó kẹ́kọ̀ọ́ ìjìnlẹ̀ nínú òfin òwò àgbáyé, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Faransé, tí wọ́n lè ka ìwé àdéhùn ìhà méjèèjì láì gbára lé ògbufọ̀. Lójú tèmi, kò sí ibi tó yẹ kí wọ́n ti kọ́ ọ tó Abidjan, kò sì sí àdúgbò tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ náà lójoojúmọ́ bíi Riviera.

Láti Treichville dé Riviera

Àwọn ará Èjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà àti Ìwó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kó ọjà lọ sí Côte d'Ivoire. Wọ́n tẹ̀lé ojú irin tó ti Abidjan wọ inú ilẹ̀ lọ, wọ́n sì pàtẹ ní Agboville, ní Dimbokro àti ní Bouaké. Ní Abidjan fúnra rẹ̀, Treichville àti Adjamé ni wọ́n fìdí kalẹ̀ sí jù. Aṣọ, abọ́, ohun ìṣaralóge, ẹ̀yà ara ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń tà. Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ń pè wọ́n ní Anango. Ọ̀nà ọ̀hún ti dùn dé ibi tí wọ́n fi ń sọ Faransé nínú ilé ní Èjìgbò lónìí, tí sẹ́fà sì ń jẹ́ owó níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ náírà.

Riviera jẹ́ ojú mìíràn nínú Abidjan. Ìlà-oòrùn agbègbè Cocody ló wà, létí ọ̀sà Ébrié. Riviera Golf, Riviera 2, Riviera 3, Palmeraie, Bonoumin àti Faya, gbogbo wọn ló ń jẹ́ Riviera. Àárín àwọn ilé ńláńlá yìí náà ni abúlé àwọn Ébrié tó nilẹ̀ ṣì wà, bí Anono àti M'Pouto. Títì Mitterrand ló gba àárín àdúgbò kọjá. Lójú títì náà àti ní àwọn òpópónà tó yà kúrò lára rẹ̀, báńkì wà, ilé ẹ̀kọ́ gíga aládàáni wà, takisí woro-woro àti bọ́ọ̀sì gbaka sì ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ, wọ́n ń kó wọn bọ̀. Yunifásítì Félix Houphouët-Boigny, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1964, wà nínú Cocody kan náà.

Ẹni tó bá fẹ́ ti Riviera lọ sí Marcory, kó tó kọjá sí Treichville àti èbúté, afárá Henri Konan Bédié ni yóò gbà, yóò sì sanwó níbẹ̀. Afárá yìí nìkan tó kíláàsì kan. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni ìjọba Côte d'Ivoire àti ilé-iṣẹ́ Bouygues ti ilẹ̀ Faransé ti ń ṣe àdéhùn rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1999, àwọn ológun gbàjọba. Lẹ́yìn náà ni ogun abẹ́lé dé, iṣẹ́ sì dúró. Ọdún 2012 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, oṣù kejìlá ọdún 2014 ni wọ́n ṣí i. Àwọn tó fowó kọ́ ọ ló ń gba owó lọ́wọ́ awakọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí afárá tó padà sọ́wọ́ ìjọba pátápátá. MIGA, ẹ̀ka Báńkì Àgbáyé tó ń dúró fún olówò lórí ewu ogun àti ìṣèlú, wà lára àwọn tó ṣe onígbọ̀wọ́ wọn.

Ta ló yẹ kó ru àdánù nígbà tí ogun bá dá iṣẹ́ dúró? Bí ìjọba tuntun bá ní òun kò mọ àdéhùn tí ìjọba àná ṣe, ilé ẹjọ́ wo ni olówò yóò gbà lọ? Bí sẹ́fà bá ṣubú, owó afárá á gbéra bí? Ìbéèrè báwọ̀nyí ni wọ́n ń jókòó tì ní kíláàsì Másítà òfin òwò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé Riviera ń gun ìdáhùn rẹ̀ kọjá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Òfin kan fún orílẹ̀-èdè mẹ́tàdínlógún

Ní ọjọ́ 17, oṣù kẹwàá, ọdún 1993, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà kan péjọ sí Port-Louis, olú ìlú Mauritius, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé tó dá OHADA sílẹ̀. Adájọ́ àgbà ọmọ Senegal kan, Kéba Mbaye, wà lára àwọn tó gbé ẹrù iṣẹ́ náà. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Lẹ́yìn òmìnira, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan di òfin Faransé àtijọ́ mú, òmíràn sì ti gbó tó bẹ́ẹ̀ tí Faransé fúnra wọn ti pa á tì. Ibì kan tún un ṣe, ibòmíràn kò tún un ṣe. Olówò tó fẹ́ ti Dakar lọ dá ilé-iṣẹ́ sí Abidjan kò mọ èwo ló ṣì múlẹ̀.

Ohun tí wọ́n ṣe lágbára. Bí ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà OHADA bá ti fohùn ṣọ̀kan lórí òfin kan, òfin náà ń múlẹ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè inú àjọ, kò sì ní kọ́kọ́ gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn kọjá. Èyí tó bá ta ko ó nínú òfin ilẹ̀ wọn, òun ló máa yẹ̀ lọ́nà. Àwọn àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1998. Lónìí, wọ́n ní òfin lórí òwò gbogboogbò, lórí ilé-iṣẹ́, lórí ohun ìdúró fún gbèsè, lórí gbígba gbèsè, lórí olówò tó wọ gbèsè, lórí ìlàjà, lórí kíkó ẹrù lójú títì, àti lórí ìṣirò owó. Orílẹ̀-èdè mẹ́tàdínlógún ló wà nínú rẹ̀ látìgbà tí Kóńgò Kinshasa ti wọlé ní ọdún 2012. Nàìjíríà àti Gánà kò sí níbẹ̀.

Abidjan ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fún òfin wọ̀nyí wà. CCJA ni wọ́n ń pè é. Bí ẹjọ́ òwò bá ti kọjá ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Kùtọ́nu, ní Lomé tàbí ní Bamako, tó sì jẹ mọ́ òfin OHADA, CCJA ló máa sọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Bó bá fagi lé ìdájọ́ kan, kì í dá ẹjọ́ náà padà fún ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀ láti tún un gbọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń parí rẹ̀. Ó tún jẹ́ ibùdó ìlàjà fún àwọn olówò tí kò fẹ́ gba ilé ẹjọ́ lọ. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ àwọn adájọ́ àti agbẹjọ́rò ní òfin yìí, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ERSUMA, Àjàṣẹ́ ni wọ́n kọ́ ọ sí, Àjàṣẹ́ yìí kan náà tí Yorùbá àti Ègùn jọ ń gbé.

Ní ọdún 2012, Abidjan tún dá ilé ẹjọ́ òwò tirẹ̀ sílẹ̀. Níbẹ̀, adájọ́ tó kàwé òfin kì í dá jókòó. Àwọn olówò tí wọ́n yàn máa ń bá a jókòó gbọ́ ẹjọ́. Èyí kò lè ṣàjèjì sí ìran tó ní Pàràkòyí ní Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn àgbà olówò ti ń rí sí ọ̀rọ̀ ọjà àti ìjà àwọn ọlọ́jà. Ẹni tó bá mọ ìtàn Pàràkòyí yóò tètè lóye ìdí tí Abidjan fi gbé olówò sórí àga ìdájọ́.

Ìyá oníṣọ́ọ̀bù àti ọdún méjì

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan láti Ìnísà ṣe àpẹẹrẹ. Ó ti ń gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ onílé kan ní Treichville láti ọdún mẹ́wàá. Aṣọ ló ń tà, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ti mọ̀ ọ́n síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, onílé ní kó jáde, òun fẹ́ fún ẹlòmíràn. Bí ìyá yìí bá fi ọgbọ́n Èkó wò ó, yóò béèrè iye oṣù tí wọ́n fún un, yóò kó ẹrù rẹ̀, yóò sì máa wá ṣọ́ọ̀bù mìíràn.

Òfin OHADA lórí òwò gbogboogbò, èyí tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2010, sọ ohun tó yàtọ̀. Ẹni tó bá ti fi ilé kan ṣòwò fún ọdún méjì ó kéré tán ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n tún àdéhùn rẹ̀ ṣe. Onílé tó bá kọ̀, láìjẹ́ pé ó ní ìdí tí òfin gbà, gbọ́dọ̀ san owó gbà-má-bínú fún ayálégbé, torí pé oníbàárà tó ti mọ̀ ọ́n síbẹ̀ jẹ́ ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó jọ. Ṣùgbọ́n bí àdéhùn bá ní ọjọ́ tí yóò parí, ayálégbé gbọ́dọ̀ béèrè àtúnṣe rẹ̀, ó pẹ́ tán, ní oṣù mẹ́ta kí ọjọ́ náà tó pé. Bí kò bá béèrè, ẹ̀tọ́ ti bọ́ nìyẹn. Ìyá tó mọ̀ yóò kọ̀wé lásìkò, yóò sì fi ìwé náà pamọ́. Ìyá tí kò mọ̀ yóò kó èrè ọdún mẹ́wàá sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Gbèsè náà ńkọ́? Ká ní ìyá yìí ta báálì aṣọ fún olówò mìíràn láwìn. Ní Èkó, òfin fún ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè lórí àdéhùn lásán ní ọdún mẹ́fà láti gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù. Nínú òfin OHADA, ọdún méjì péré ni fún ọjà tí olówò tà fún olówò. Ẹni tó ń fi sùúrù dúró de gbèsè ní Adjamé, tó ń gba "màá san án lóṣù tó ń bọ̀" fún ọdún mẹ́ta, lè dé ilé ẹjọ́ kó bá ilẹ̀kùn ní títì. Òfin kan náà sì fún un ní irinṣẹ́ tó yá ju ti Èkó lọ. Bí ó bá ní ìwé tó dájú lórí gbèsè náà, adájọ́ lè pàṣẹ kí onígbèsè san án láì tíì pe onígbèsè rárá. Onígbèsè tó bá ní àwíjàre ló máa wá sọ tirẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí òfin fún un.

Fún àwọn ọlọ́jà kéékèèké, òfin ọdún 2010 yẹn ṣí ilẹ̀kùn mìíràn. Ó dá ipò kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní entreprenant. Ẹni tó ń ta ata, tó ń ránṣọ tàbí tó ń tún fóònù ṣe lè kàn lọ sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún ìjọba, láì forúkọ sílẹ̀ bí ilé-iṣẹ́ ńlá. Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni kó máa kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ìwé yẹn ló máa di ẹ̀rí rẹ̀ nílé ẹjọ́.

Gbogbo èyí wà ní ìwé, ní Faransé. Látìgbà tí wọ́n ti tún àdéhùn OHADA ṣe ní Québec ní oṣù kẹwàá ọdún 2008, Gẹ̀ẹ́sì náà ti di ọ̀kan lára àwọn èdè àjọ, ṣùgbọ́n Faransé ni ọ̀pọ̀ ìdájọ́ àti ìwé àwọn onímọ̀ ṣì wà. Ojú olójú kò lè dà bí ojú ẹni. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù nílò ọmọ tirẹ̀ tó lè kà á fún un.

Oníṣòwò tó pe Nàìjíríà lẹ́jọ́

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé òfin òwò àgbáyé jẹ́ ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan, kó gbọ́ ẹjọ́ Ọlájídé Afọlábí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ pẹ̀lú Benin. Oníṣòwò yìí ní àdéhùn láti ra ọjà ní Benin, kò sì rí ọ̀nà kọjá. Ó gbé ìjọba Nàìjíríà lọ sí Ilé Ẹjọ́ ECOWAS ní Àbújà, ó ní wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ tí ìlànà ìrìnnà fàlàlà ọdún 1979 fún òun lójú. Òun ni ẹjọ́ àkọ́kọ́ tí ilé ẹjọ́ náà dá.

Ní ọjọ́ 27, oṣù kẹrin, ọdún 2004, ó pàdánù. Àwọn adájọ́ sọ pé ìlànà tó dá ilé ẹjọ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1991 kò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láyè láti wá síwájú wọn fúnra rẹ̀. Orílẹ̀-èdè ló lè gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ariwo ẹjọ́ náà kò parí síbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2005, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS tún ìlànà náà ṣe, wọ́n sì gbà kí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn rẹ̀ lójú lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ tààrà. Ìbéèrè oníṣòwò kan ló ṣí ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà lónìí.

Òfin ECOWAS kan náà ní àwọn ohun tí àwọn ọlọ́jà wa kò lò tán. Ọjà ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nínú ECOWAS gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ibi tó ti wá kó tó kọjá láì san owó ibodè. Irè oko, ẹran ọ̀sìn àti iṣẹ́ ọwọ́ kò nílò ìwé yẹn. Aṣọ òkè tí wọ́n fi ọwọ́ hun ní Ìsẹ́yìn àti àdìrẹ tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe ní Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo wà nínú ohun tí òfin yìí dáàbò bò. Aláṣọ tó mọ èyí lè fi ìwé òfin han aṣọ́bodè. Nígbà tí Nàìjíríà tún ti ẹnubodè orí ilẹ̀ láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ló pàdánù, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló mọ ẹ̀tọ́ tó ní.

Kòkó so ìhà méjèèjì pọ̀

Côte d'Ivoire ló ń kó kòkó jáde jù láyé, nǹkan bí mílíọ̀nù méjì tọ́ọ̀nù lọ́dún tó bá dára. Ní ọdún 2017, Àjọ Kòkó Àgbáyé, ICCO, kó olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kúrò ní London wá sí Abidjan. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú ìwé àdéhùn tí wọ́n fi ń ta kòkó náà ni wọ́n kọ ní ìlànà ẹgbẹ́ oníkòkó tó wà ní London: òfin Gẹ̀ẹ́sì ló dè é, onílàjà ní London ló sì ń parí ìjà rẹ̀. Ọmọ Abidjan tó mọ Faransé nìkan kò lè gbèjà kòkó ilẹ̀ rẹ̀ pátápátá.

Ọmọ Oǹdó náà kò lè fọwọ́ lẹ́rán. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, Côte d'Ivoire fọwọ́ sí àdéhùn òwò pẹ̀lú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Nàìjíríà kò fọwọ́ sí irú rẹ̀. Òróró kòkó tí wọ́n fún ní Abidjan ń wọ Yúróòpù láì san owó ibodè. Èyí tí wọ́n fún ní Ilé-Olújì ń sanwó. Àgbẹ̀ kan náà ni wọ́n, igi kan náà ni wọ́n gbìn, òfin ló yà wọ́n. Ní ọdún 2023, Yúróòpù tún gbé òfin mìíràn jáde pé kòkó tó bá ti inú oko tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31, oṣù kejìlá, ọdún 2020 wá kò gbọ́dọ̀ wọlé. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n kò ní ṣaláì dé. Àwọn agbẹjọ́rò tó mọ ọ̀nà òfin Yúróòpù ni yóò jókòó pẹ̀lú àgbẹ̀ láti kó ẹ̀rí jọ.

Ìyà àìmọ òfin òwò àgbáyé kò kéré. Ní ọdún 2017, ìgbìmọ̀ onílàjà kan ní London ní kí Nàìjíríà san dọ́là bílíọ̀nù 6.6 fún ilé-iṣẹ́ P&ID lórí àdéhùn gáàsì ọdún 2010. Èlé gbé e kọjá bílíọ̀nù 11. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ilé ẹjọ́ gíga ní London tó rí i pé jìbìtì wà nínú rẹ̀, tí Nàìjíríà sì mórí bọ́. Àwọn tó mọ òfin ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún túlẹ̀ ẹ̀rí kí èyí tó ṣeé ṣe.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ́

Ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ yìí pín sí ọ̀nà méjì tó máa ń pàdé. Ọ̀nà kìíní ni òfin láàárín àwọn ìjọba: Àjọ Òwò Àgbáyé, WTO, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1995, tí Ngozi Okonjo-Iweala ń darí látìgbà tó wọlé ní oṣù kẹta ọdún 2021, ECOWAS, àti àdéhùn òwò gbogbo Áfíríkà, AfCFTA, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Accra, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní Niamey ní oṣù keje ọdún 2019. Ọ̀nà kejì ni òfin láàárín àwọn olówò: ọjà títà, lẹ́tà báńkì tí wọ́n fi ń dá owó dúró, ìnáwó ọkọ̀ ojú omi, ìbánigbófò ẹrù, ìlàjà. Ọmọ ọlọ́jà tó bá wọ kíláàsì náà yóò rí i pé iṣẹ́ ìyá rẹ̀ ni wọ́n kọ sínú ìwé.

Ní Côte d'Ivoire, Másítà jẹ́ ọdún méjì lẹ́yìn Licence ọlọ́dún mẹ́ta. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ ìwé ìwádìí, yóò sì gbèjà rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ àwọn olùkọ́. Ohun tó máa ń ṣòro fún ẹni tó ti ṣe LLB ní Nàìjíríà kọjá èdè. Ọ̀nà ìrònú yàtọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ látorí ìtàn ẹjọ́, ó ń to ìdájọ́ àtijọ́ jọ kó tó dé orí òfin. Akẹ́kọ̀ọ́ Abidjan ń bẹ̀rẹ̀ látorí òfin fúnra rẹ̀. Àròkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní apá méjì, apá kọ̀ọ̀kan yóò sì ní ìpín méjì. Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà máa ń gùn, adájọ́ kọ̀ọ̀kan ń fi orúkọ rẹ̀ sọ èrò tirẹ̀. Ti CCJA máa ń kúrú, ohùn kan ló sì ń jáde. Ẹni tó bá kọ́ méjèèjì yóò mọ ohun tí agbẹjọ́rò ìhà kejì ń rò kó tó sọ̀rọ̀.

Èdè kò yẹ kó jẹ́ ìdènà. Abúlé Faransé ti Nàìjíríà ti wà ní Àjàrá, lẹ́bàá Àgbádárìgì, láti ọdún 1991. Lomé náà ní Village du Bénin tó ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ní Faransé tipẹ́. Ọmọ Èjìgbò tó ti ń gbọ́ Faransé nínú ilé ti ṣáájú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe apá kan ní Gẹ̀ẹ́sì, Yunifásítì Pretoria ní South Africa ń fúnni ní LLM lórí òfin òwò àti ìdókòòwò ní Áfíríkà, trapca ní Arusha, Tanzania, sì ti ń kọ́ni ní ìlànà òwò láti ọdún 2006.

Kì í ṣe ohun tuntun kí ẹ̀kọ́ ẹnì kan wúlò fún gbogbo ìlú. T. O. Elias, ọmọ Èkó, gba oyè dókítà nínú òfin ní Yunifásítì London ní ọdún 1949. Nígbà tí òmìnira dé ní ọdún 1960, òun ló di agbẹjọ́rò àgbà ìjọba. Ó di adájọ́ àgbà ilẹ̀ wa ní ọdún 1972, ó sì di ààrẹ Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní Hague ní ọdún 1982. Nígbà tí Nàìjíríà nílò rẹ̀, ó ti wà ní sẹpẹ́.

Ọ̀rọ̀ mi sí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀

Ẹgbẹ́ ọmọ Èjìgbò, ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹgbẹ́ ọmọ Ìnísà àti ti Ìwó, nílé àti ní Abidjan, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ ń kọ́ gbọ̀ngàn ìlú, ẹ ń kọ́ mọ́sáláàṣì àti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ń sin òkú yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ fi ẹ̀kọ́ òfin kún un. Ẹ yan ọmọ méjì lọ́dún kan, ọ̀kan láti Nàìjíríà tó ti gba LLB, ọ̀kan tí wọ́n bí ní Abidjan tó ti gba Licence. Ẹ rán ti Nàìjíríà lọ sí Àjàrá, kó gbọ́ Faransé, kó tó forúkọ sílẹ̀ fún Másítà ní Cocody. Ẹ jẹ́ kí ti Abidjan wá lo ọdún kan ní yunifásítì ilẹ̀ Yorùbá, kó kọ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì. Kí àwọn méjèèjì ṣèlérí pé àwọn yóò jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláàṣì yín lẹ́ẹ̀kan lóṣù, láti ka ìwé àdéhùn fún ọlọ́jà tó bá mú un wá.

Ìjọba ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá náà ní ipa tiwọn. Àwọn yunifásítì wọn ń kọ́ òfin, ṣùgbọ́n òfin OHADA kò tíì di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ òfin wa gbọ́dọ̀ mọ̀, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀ kò jìnnà ju Sèmè lọ. Kí wọ́n gbé olùkọ́ kan wá láti Abidjan tàbí láti Àjàṣẹ́ kó wá kọ́ ọ fún ìgbà ẹ̀kọ́ kan péré lọ́dún.

Bàbá àti ìyá tó ń ka èyí ní Treichville, bí ọmọ yín bá sọ pé òfin lòun fẹ́ kọ́, ẹ má sọ fún un pé ọjà ló tọ́ ọ dàgbà. Ẹ bi í bóyá ó ti gbọ́ pé ọdún méjì ni òfin fún gbèsè ọjà níbí. Bí kò bá tíì gbọ́, ẹ rán an lọ síléèwé.